Windows, Mac, Linux: èwo ni kì í dákú, èwo sì ni olè kì í tètè wọ̀?

Atúmọ̀Èdè
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ibí. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mò ń ṣe, ìdí láptọ́ọ̀pù ni mo máa ń wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀. Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í dákú mọ́ mi lọ́wọ́: ojú rẹ̀ á ṣàdédé di búlúù, á kọ ọ̀rọ̀ kan, á tún ara rẹ̀ tàn. Lánàá, ojú ìwé mẹ́rìnlá tí mo ti túmọ̀ ló bá a lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ Windows dànù, kí n fi Linux sí i. Èkejì ní Mac nìkan ni fáírọ́ọ̀sì kì í mú. Èmi ò wá ìjà ẹgbẹ́ o. Nǹkan méjì péré ni mo fẹ́ mọ̀: èwo nínú wọn ni kì í dákú, èwo sì ni ọwọ́ olè kì í tètè tó?

Aláròyé
Linux. Ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ ti ilẹ̀kùn.

ÌyáKóòdù
Aláròyé, o ò tíì gbọ́ ẹjọ́ tán tí o ti dá a. Jókòó ná.

Ọ̀gá_Sáfà
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Atúmọ̀Èdè. Ojú ìwé mẹ́rìnlá kì í ṣe kékeré. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ìbéèrè méjèèjì sọ́tọ̀, torí wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹ̀rọ kan lè wà ní títàn fún ọdún kan gbáko kó má dákú lẹ́ẹ̀kan, kí olè sì ti máa gbé inú rẹ̀ láti oṣù kejì.

Dídákú ni n ó kọ́kọ́ mú. Gbogbo OS, ìyẹn ètò tó ń darí ẹ̀rọ, bíi Windows, Mac àti Linux, ló ní yàrá inú lọ́hùn-ún kan tí à ń pè ní kernel. Òun ló ń pín RAM (ìrántí ìgbà díẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́), òun ló ń bá hard disk sọ̀rọ̀, òun ló ń sọ ẹni tó kàn láti ṣiṣẹ́. Bí ohun tó wà níta kernel bá ṣi iṣẹ́ ṣe, bí ètò tí ẹ fi ń kọ̀wé, òun nìkan ni yóò kú. Ẹ ó tún un ṣí, iṣẹ́ á máa lọ. Àmọ́ bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn, gbogbo ilé ló ń wó. Ojú búlúù tí ẹ ń rí yẹn, ẹ̀rọ ló mọ̀ọ́mọ̀ dá ara rẹ̀ dúró kó má baà kọ ìkọkúkọ sórí fáìlì yín. Linux ní irú rẹ̀, kernel panic ni wọ́n ń pè é. Mac náà ní in, ó kàn jẹ́ pé ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ń sọ tirẹ̀.

Láyé Windows 95 àti 98, ó rọrùn láti sọ pé Windows ò lè dúró. Aago kan wà nínú wọn tó ń ka ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá ti kà á dé ọjọ́ 49 àti díẹ̀, àyè ìkà á tán, ẹ̀rọ á sì dì gbagidi. Àwàdà àwa àgbà ni pé kò sẹ́ni tó tètè mọ̀, torí kò sí èyí tó tàn tó ọjọ́ 49 rí kí nǹkan mìíràn tó pa á. Ìran yẹn ti lọ. Windows tí ẹ ń lò lónìí, ìdílé Windows NT tó jáde ní 1993 ló ti wá, kò bá ti tẹ́lẹ̀ tan. Ní ti kernel nìkan, n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ti Linux tàbí ti Mac lágbára jù ú lọ.

Ohun tí mo máa ń bi àwọn èèyàn ni pé: ta lẹ ti gbà láyè sínú yàrá yẹn? Driver (ètò tó ń jẹ́ kí OS bá ohun èlò sọ̀rọ̀) ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti di àlòkù, antivirus méjì tó ń jà síra wọn, eré orí kọ̀ǹpútà tó fẹ́ máa ṣọ́ ẹni tó ń rẹ́ni jẹ, inú kernel ni gbogbo wọn ń fẹ́ wọ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024. CrowdStrike, ilé-iṣẹ́ ààbò, fi fáìlì kékeré kan ránṣẹ́ sórí ẹ̀rọ àwọn oníbàárà rẹ̀. Fáìlì náà ń tọ́ka sí nǹkan mọ́kànlélógún. Ogún péré ni ètò tó wà nínú kernel Windows ní lọ́wọ́. Ètò náà na ọwọ́ sí ìkọkànlélógún, kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ó ṣubú, Windows sì bá a ṣubú. Nǹkan bí mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà ló lulẹ̀. Bàálù ò gbéra, ilé ìwòsàn padà sí bébà àti bírò.

Ìṣẹ́jú 78 péré ni fáìlì náà fi wà níta kí wọ́n tó fà á padà. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ń dákú kó tó tàn tán kò lè gba àtúnṣe láti òkèèrè. Ṣe ni wọ́n ń lọ bá ọ̀pọ̀ wọn níkọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń tàn án sí Safe Mode, níbi tí kìkì ohun tó pọn dandan ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń fọwọ́ pa fáìlì náà rẹ́. Bí hard disk rẹ̀ bá sì wà lábẹ́ BitLocker, ètò Windows tó ń ti hard disk pa, wọ́n á tún tẹ kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta kí ó tó gbà wọ́n láyè.

Aláròyé
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ tún sọ fún wọn pé Linux ò lulẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gá_Sáfà
Kò lulẹ̀ lóòótọ́, Mac náà ò lulẹ̀, torí fáìlì náà kì í ṣe tiwọn. Ti Mac tún ní ìdí mìíràn: láti ìgbà Catalina, ẹ̀dà OS Mac tó jáde ní 2019, ni Apple ti ń lé irú àwọn ètò bẹ́ẹ̀ kúrò nínú kernel díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń gbóríyìn fún wọn. Wọ́n tún ní àǹfààní kan tí àwọn yòókù ò ní: àwọn ló ń ṣe ẹ̀rọ, àwọn ló ń ṣe OS rẹ̀, nítorí náà wọ́n mọ gbogbo ohun tí wọn yóò bá pàdé nínú àpótí náà. Windows àti Linux ní láti gbé lórí ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni bá tò pọ̀.

ÌyáKóòdù
Ẹ jẹ́ kí n mú apá ti ààbò, torí ọ̀rọ̀ "Mac kì í kó fáírọ́ọ̀sì" yẹn ti sú mi í gbọ́.

Ní 2012, ètò burúkú kan tó ń jẹ́ Flashback wọ Mac tó lé ní 600,000 láti ara ihò kan nínú Java. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síwájú Mac tó ń lo ẹ̀dà High Sierra lè kọ "root", orúkọ ẹni tó ni gbogbo àṣẹ, síbi orúkọ, kó fi àyè password sílẹ̀ lófìfo, kó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ á sì fi í jọba. Mo gbìyànjú rẹ̀ lórí tèmi nígbà náà kí n tó gbà á gbọ́. Ó ṣí. Mo kàn ń wò ó ni, ẹnu mi là sílẹ̀. Àtúnṣe dé lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà n kò bú ẹlòmíràn mọ́.

Ìwọ Aláròyé, tìrẹ náà wà ńlẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2024 ni Andres Freund kéde pé ẹnì kan ti gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú xz, ètò kékeré tó ń fún fáìlì pọ̀, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí Linux tí kò ní in. Báwo ló ṣe mọ̀? Ó ń dán nǹkan mìíràn wò ni, ó wá rí i pé bí òun bá fẹ́ wọ ẹ̀rọ òun nípasẹ̀ SSH, ọ̀nà tí à ń gbà wọ ẹ̀rọ láti òkèèrè, ó ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá! Ẹlòmíràn á ní íntánẹ́ẹ̀tì ló ń falẹ̀. Ó tú u palẹ̀, ó bá a nínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan. Ó ti lo ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ń ran ẹni tó ni iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, títí wọ́n fi fà á lé e lọ́wọ́. Kò tíì dé inú ẹ̀dà Debian (irú Linux kan) tí à ń pè ní stable, èyí tí wọ́n ti dán wò tán, nígbà tí àṣírí tú, inú àwọn ẹ̀dà ìdánwò ló wà. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé Microsoft ni Andres Freund ń bá ṣiṣẹ́.

Àwọn kan á ní ṣíṣí tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n rí i. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣíṣí tó ṣí sílẹ̀ náà ló jẹ́ kí olè ríbi jókòó.

Aláròyé
Ìyá, mo gbà. Ẹ má fi ojú mi gbolẹ̀ jù.

AtúnẸ̀rọṢe
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ yín dúró. Atúmọ̀Èdè, kí ni ojú búlúù yẹn ń kọ? Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni nígbà gbogbo? Bí ẹ kò bá rántí, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, kí ẹ kọ perfmon /rel. Ìlà kan á jáde pẹ̀lú àmì pupa lórí ọjọ́ tí ẹ̀rọ dákú. Ẹ tẹ àmì náà.

Ìdí tí mo fi ń béèrè: ẹnì kan gbé ẹ̀rọ wá fún mi ní ọdún tó kọjá, ó ti fi OS mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí i lẹ́yìn ara wọn, ó ṣì ń kú. Mo tú u, eruku tó wà lára fáànù rẹ̀ ti di bí òwú. Ẹ̀rọ náà ń gbóná débi pé ó ń pa ara rẹ̀ kó má baà jó. Kò sí OS tó lè gbá eruku.

ỌmọTuntun
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Windows tèmi, ẹnì kan ló bá mi fi crack, ètò tó ń ṣí i láìsanwó, ṣí i. Ó ní kí n kọ́kọ́ pa antivirus kó tó lè ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣé ó kàn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí?

ÌyáKóòdù
Ó kàn ọ́ gan-an, àbúrò. Ìwọ fúnra rẹ lo lé ọlọ́dẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, o wá fún àlejò tí o kò mọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá. Ó lè jẹ́ olóòótọ́. Ó sì lè ti máa ka gbogbo password tí ò ń tẹ̀. O ò lè mọ̀, antivirus tí o bá sì fi sí i lẹ́yìn ìgbà tó ti wọlé tán lè má rí i, torí ẹni tó ti wà nínú kernel lè bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kó àwọn fáìlì tó jẹ́ tìrẹ sórí fláàṣì, nu hard disk náà mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, fi OS tuntun láti ojúlé ẹni tó ṣe é sí i. Bí owó Windows bá wúwo fún ọ, ibí gan-an ni mo ti fara mọ́ Aláròyé: Linux ọ̀fẹ́ tó mọ́ dára ju Windows tí wọ́n já lọ. Lẹ́yìn náà yí gbogbo password rẹ, kí o yí i láti orí ẹ̀rọ mìíràn.

ỌmọTuntun
Hmm. Ẹ ṣeun mà. Ẹ̀rù ti ń bà mí.

Ọ̀gá_Sáfà
Ohun kan wà tí Atúmọ̀Èdè sọ tí gbogbo wa gbójú fò: Windows 10. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan á máa rí ti ààbò gbà títí di 13 oṣù Kẹwàá 2026. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀, ihò tuntun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe là sílẹ̀ títí.

Ẹ rántí WannaCry ti ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, èyí tó ń ti fáìlì èèyàn pa tó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Àtúnṣe ihò tó gbà wọlé ti wà níta láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, bí oṣù méjì ṣáájú. Windows 7 ló pọ̀ jù nínú àwọn tó mú, Windows 7 sì ṣì ń gba update nígbà náà. Àwọn tó ni ẹ̀rọ ni kò tẹ̀ ẹ́. Èmi alára, mo ti bá sáfà Linux (kọ̀ǹpútà tó ń sin àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn) pàdé tó ti tàn fún ẹgbẹ̀rún ọjọ́ ó lé, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ń yangàn. Mo bi í pé ìgbà wo ló fi kernel tuntun sí i kẹ́yìn. Kò dáhùn. Bí kò bá sí ètò àtúnṣe ojú ẹsẹ̀ lórí rẹ̀, ẹgbẹ̀rún ọjọ́ láìtún un tàn túmọ̀ sí ẹgbẹ̀rún ọjọ́ láìtún kernel rẹ̀ ṣe.

Nítorí náà kí ẹ tó yan OS, ẹ wo ọjọ́ tí wọn yóò dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ubuntu, irú Linux kan, èyí tí wọ́n bá kọ LTS (alátìlẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́) sí lára, ọdún márùn-ún ni. Ti Mac, Apple kì í dá ọjọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tuntun àti méjì tó ṣáájú rẹ̀ ló sábà máa ń rí àtúnṣe ààbò gbà. Windows 11 ní tirẹ̀ ń béèrè TPM 2.0, ohun èlò ààbò kan nínú ẹ̀rọ, bí láptọ́ọ̀pù yín bá ti dàgbà, ó lè má gbà á.

Ìrọ̀rùn
Kò sẹ́ni tó dárúkọ ChromeOS, OS tí Google ṣe. Òun ni mo fi sí ọwọ́ bàbá mi, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ẹ̀dà OS méjì ló wà nínú rẹ̀: ó ń lo ọ̀kan, ó ń fi update sórí èkejì láìdí i lọ́wọ́. Bó bá tún un tàn, ó bọ́ sórí tuntun. Bí tuntun ò bá ṣe é tàn, ó padà sórí ti tẹ́lẹ̀. Ó tún ń yẹ ara rẹ̀ wò nígbà tó bá ń tàn bóyá ẹnì kan ti fọwọ́ kan OS náà. Ọdún mẹ́ta rèé, wọn ò tíì pè mí nítorí fáírọ́ọ̀sì. Password tí wọ́n gbàgbé ni wọ́n fi ń pè mí.

Aláròyé
Kí n jẹ́wọ́ o. Èmi tí mò ń pariwo Linux, Linux tèmi ti kú lẹ́ẹ̀kan, èmi ni mo sì pa á. Mo fẹ́ fi ètò kan sí i, mo rí àṣẹ kan níbì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo dà á kọ, mo fi sudo, ọ̀rọ̀ tó ń fún àṣẹ ní agbára ọ̀gá, síwájú rẹ̀. Ó to orúkọ àwọn nǹkan tí yóò yọ kúrò sílẹ̀ bí ojú ìwé kan. Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo tẹ Y, n kò kà á. Nígbà tí mo tún un tàn, dúdú ni, pẹ̀lú kọ́sọ̀ tó ń ṣẹ́jú. Gbogbo ojú ìṣiṣẹ́ ni mo ti yọ. Linux ò dákú o, ó kàn gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ni.

Láti ìgbà náà mo ń lo Timeshift: ó ń ya ẹ̀dà OS pamọ́ kí n tó ṣe wèrè mìíràn. Ẹni tó bá ń lọ sí Linux, kó kọ́kọ́ tò ó.

ÌyáKóòdù
Ó dáa tí o sọ ọ́. Atúmọ̀Èdè, ohun kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi. Ẹ sọ̀rọ̀ olè, gbogbo wa sì ń rò pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń bọ̀. Bí wọ́n bá gbé láptọ́ọ̀pù yín gan-an ńkọ́? Password tí ẹ fi ń wọlé kò dá nǹkan kan dúró: wọ́n á fi OS mìíràn tan ẹ̀rọ náà láti orí fláàṣì, wọ́n á sì ka iṣẹ́ àwọn oníbàárà yín bí ìwé ìròyìn. Àfi bí ẹ bá ti ti hard disk náà pa. BitLocker wà nínú Windows, FileVault nínú Mac, LUKS nínú Linux, ẹ sì ní láti yan án nígbà tí ẹ bá ń fi Linux sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà rẹ̀ sórí bébà, kí ẹ fi bébà náà síbi tí kì í ṣe inú àpò láptọ́ọ̀pù.

Atúmọ̀Èdè
Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ọ̀gá AtúnẸ̀rọṢe, mo ti wo perfmon. MEMORY_MANAGEMENT ló kọ lẹ́ẹ̀mejì, IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL lẹ́ẹ̀kan, ti àná ni PAGE_FAULT_IN_NONPAGED_AREA. Èdè wo nìyí? Atúmọ̀ èdè ni mí, kò yé mi.

AtúnẸ̀rọṢe
Ó yé mi tèmi. Bó bá jẹ́ pé driver kan ló bàjẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò sábà máa kọ, fáìlì kan náà ni yóò sì máa dárúkọ. Èyí tó bá ń yí ọ̀rọ̀ padà lójoojúmọ́ bí ẹlẹ́rìí èké, RAM ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ má tíì yí OS kankan padà. Ẹ kó iṣẹ́ yín sórí fláàṣì lónìí, kó má di ọ̀la. Lẹ́yìn náà ẹ wá MemTest86+, ètò tó ń dán RAM wò, ọ̀fẹ́ ni, ẹ fi sórí fláàṣì mìíràn, ẹ tan ẹ̀rọ láti ibẹ̀. Kò nílò OS, nítorí náà kò ní sí ẹni tí a ó máa dá lẹ́bi. Ẹ fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Bí ìlà pupa kan bá yọ, àní ọ̀kan péré, RAM ti bàjẹ́. Bó bá jẹ́ méjì ló wà nínú rẹ̀, ẹ yọ ọ̀kan, ẹ tún dán èkejì wò.

Atúmọ̀Èdè
Ọjọ́ kọkànlá rèé tí mo sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ẹ má bínú. Kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú tí ìlà pupa fi kún ojú ẹ̀rọ náà. Méjì ni RAM tó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ló bàjẹ́. Mo yọ ọ́, mo ra òmíràn, ojú búlúù ò tíì padà wá láti ọjọ́ kẹsàn-án.

Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún update ọdún kan yẹn, mo sì ti fi BitLocker ti hard disk pa. Ẹ̀rọ náà ò gba Windows 11, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà mo ti gbé Ubuntu sórí fláàṣì, mò ń tàn án láti ibẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ láìfi ọwọ́ kan hard disk, kí n lè mọ̀ bóyá ètò ìtumọ̀ mi á ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bọ́tìnnì fún àmì ohùn tiẹ̀ rọrùn níbẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Aláròyé
Mo wí bẹ́ẹ̀.

AtúnẸ̀rọṢe
RAM tí ẹ yọ yẹn ńkọ́? Ẹ má jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ ó rí i níbẹ̀, ẹ ó ní ó ṣì dára, ẹ ó sì fi sí ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Ẹ fi bírò kọ ọ́ lára pé ó ti bàjẹ́.

Atúmọ̀Èdè
Inú dúrọ́ọ̀ ló wà. Mò ń lọ mú bírò.